Àgọ́ Ọ̀gbìn Inú Ilé: Bí Ẹ Ṣe Lè Yàn Án àti Bí Ẹ Ṣe Lè Gbé E Kalẹ̀

Àgọ́ ọ̀gbìn jẹ́ yàrá kékeré tí a fi ọ̀pá irin àti aṣọ nínípọn ṣe. Ìta rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ ń dán bíi dígí kí ìmọ́lẹ̀ lè máa ta padà sára ewéko. Ó ní ilẹ̀kùn onísíìpù, ó ní ihò tí páìpù àti wáyà ń gbà kọjá, ó sì ní irin lókè tí a ń gbé iná kọ́. Bí ẹ bá ti gbé ewéko wọ inú rẹ̀ tí ẹ pa ilẹ̀kùn dé, oòrùn ò sí fún un mọ́, òjò ò sí, atẹ́gùn ò sí. Ohun tí yóò mu àti afẹ́fẹ́ tí yóò mí, ọwọ́ yín ni yóò ti wá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹni tó fẹ́ ra àgọ́ gbọ́dọ̀ ronú nípa afẹ́fẹ́ kó tó ronú nípa iná. Iná ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ wò, òun ni wọ́n sì máa ń náwó lé jù. Fáànù á wá di ohun tí wọ́n fi owó tó ṣẹ́kù rà. Ṣùgbọ́n ewéko tí iná rẹ̀ kéré díẹ̀ yóò kàn dàgbà díẹ̀díẹ̀ ni. Èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ yóò bu, tàbí kó rọ, tàbí kó di ilé kòkòrò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣáájú kí ẹ tó náwó rárá: bí ó bá jẹ́ ewéko tó ń fara da ibòji ni ẹ fẹ́, irú bíi pothos tàbí sansevieria, ẹ má ra àgọ́. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ti tó wọn. Àgọ́ wúlò fún irúgbìn tí ẹ fẹ́ hù kó tó lọ síta, fún ewébẹ̀ bíi lẹ́túùsì, fún ata àti tòmátì aràrá, àti fún àwọn ewéko inú igbó òjò tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó tutù rinrin nígbà gbogbo.

Ẹ ti ara ewéko bẹ̀rẹ̀

Ẹ kọ orúkọ ohun tí ẹ fẹ́ gbìn sílẹ̀, kí ẹ kọ bó ṣe máa ń ga tó àti bó ṣe máa ń fẹ̀ tó nígbà tó bá dàgbà tán. Inú ìwé yẹn ni ìwọ̀n àgọ́ yín ti máa jáde.

Gíga ni àwọn èèyàn máa ń fojú kéré jù. Bí ìbú ò bá tó, a lè dín iye ìkòkò kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ewéko bá ti kan iná, àfi ká gé orí rẹ̀ tàbí ká tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò àgọ́ tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 180. Ìkòkò àti abọ́ abẹ́ rẹ̀ yóò gba nǹkan bí 30. Iná àti okùn tó gbé e kọ́ yóò gba 20. Àyè tó yẹ kó wà láàárín iná àti orí ewéko, ẹ fi í sí 40. Àádọ́rùn-ún péré ló ṣẹ́kù fún ewéko. Ata púpọ̀ yóò ráyè níbẹ̀ bí ẹ bá ń gé orí wọn nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Tòmátì aràrá yóò ráyè dáadáa. Tòmátì tó máa ń fà lọ sókè láìdúró ò ní ráyè, torí ó lè ga ju èèyàn lọ, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbìn ín sínú àgọ́ tí kò tó mítà 2. Lẹ́túùsì ní tirẹ̀ ò bìkítà. Àgọ́ kúkúrú tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ní ti ìbú, àwọn tó wọ́pọ̀ jẹ́ 60 lọ́nà 60, 80 lọ́nà 80, 100 lọ́nà 100 àti 120 lọ́nà 120, gbogbo rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. Èyí tó kéré jù ló máa ń dà bíi pé ó rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, òun gan-an ló sì ṣòroó ṣàkóso jù: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kéré, torí náà ó yá gbóná, ó sì yá kún fún ọ̀rinrin. Bí àyè bá wà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 80 tàbí 100. Tí ẹ bá fẹ́ 120, ẹ wá èyí tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn, tàbí tó ní ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ èèyàn kì í dé ìpẹ̀kun inú àgọ́ tó jìn tó bẹ́ẹ̀ láìfọwọ́ ba ewéko iwájú jẹ́, ìkòkò tí ọwọ́ yín ò bá sì dé, ẹ ò ní tètè mọ̀ pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́.

Ẹ wọn yàrá náà pẹ̀lú. Àgọ́ 120 nílò àyè tó ju 120 lọ: ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 60 níwájú ilẹ̀kùn kí ẹ lè tẹ̀ ba, àti bíi 30 níbi tí páìpù ti máa jáde kó má bàa ká.

Aṣọ, irin àti síìpù

Ẹ óò rí nọ́ńbà kan tí lẹ́tà D tẹ̀ lé lára páálí rẹ̀. Ó ń sọ bí òwú aṣọ náà ṣe nípọn tó. 210D fẹ́lẹ́, ó sì máa ń tètè ya. 600D tó fún iṣẹ́ inú ilé. 1680D lágbára gan-an, ṣùgbọ́n ó wúwo, kò sì pọn dandan àyàfi bí ẹ bá máa ń tú àgọ́ kó o lọ síbòmíràn lóòrèkóòrè.

Irin ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ẹ wo ibi tí ọ̀pá ti pàdé ní igun. Bí ìsopọ̀ yẹn bá jẹ́ irin, ẹ rà á. Bí ó bá jẹ́ ike, ẹ wá òmíràn, torí ike máa ń sán nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀ tí ooru iná sì ń kàn án lójoojúmọ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é máa ń kọ iye kìló tí irin òkè lè gbé. Ẹ ro iná, fáànù àti àsẹ́ èédú (ohun tó ń gba òórùn kúrò nínú afẹ́fẹ́) pọ̀, kí àpapọ̀ wọn má ju ìdajì ohun tí wọ́n kọ lọ. Àsẹ́ èédú nìkan lè wúwo ju iná lọ.

Síìpù ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Tí ẹ bá láǹfààní láti fọwọ́ kàn án kí ẹ tó rà á, ẹ ṣí i, kí ẹ pa á dé lẹ́ẹ̀mélòó kan ní igun tó ti yí, ibẹ̀ ló ti máa ń há.

Àwọn kan ń sanwó ńlá nítorí àgọ́ tí ìmọ́lẹ̀ kankan ò lè yọ wọ̀. Ó ṣe pàtàkì fún ewéko tó ń dúró de òru gígùn kó tó tan òdòdó, bíi poinsettia àti chrysanthemum. Bí ó bá jẹ́ lẹ́túùsì, ata tàbí tòmátì ni, ihò abẹ́rẹ́ kan tàbí méjì ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Afẹ́fẹ́

Fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́, ó ń lé ooru. Wáàtì yòówù tí iná bá fà láti ara ògiri, ooru ni yóò dà nígbẹ̀yìn. Iná wáàtì 400 jẹ́ ohun èlò amúlémóoru wáàtì 400 nínú àgọ́ yín. Ìkejì, ó ń gbé carbon dioxide tuntun wọlé, èyí tí ewé fi ń ṣe oúnjẹ. Nínú àgọ́ tí a pa dé láìsí fáànù, ewéko yóò fà á mu títí yóò fi kéré, ìdàgbàsókè á sì falẹ̀ bí iná tilẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìkẹta ni àwọn èèyàn kì í ronú kàn. Omi tí ẹ ń bu rin ewéko, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ kì í dúró sínú ewéko. Gbòǹgbò á fà á, ewé á tú u sáfẹ́fẹ́. Bí ẹ bá ń bu lítà 4 lójúmọ́, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 4 ló ń wọ inú afẹ́fẹ́ àgọ́ lójúmọ́. Níbo ni yóò gbà lọ bí kò bá sí fáànù? Ara ògiri àgọ́ ni yóò ti máa ṣe ìrì, lẹ́yìn náà ara ewé, lẹ́yìn náà ewé á bu.

Bí a ṣe ń ṣírò agbára fáànù nìyí. Ẹ sọ ìbú, gígùn àti gíga di ìlọ́po ara wọn ní mítà. Àgọ́ 1.2 lọ́nà 1.2 lọ́nà 2 jẹ́ kúbíìkì mítà 2.88. A fẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan, torí náà a ó fi 60 sọ ọ́ di ìlọ́po: nǹkan bíi 173 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n àsẹ́ èédú máa ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà, páìpù tó bá tẹ̀ náà ń dí i. Nítorí náà ẹ ra fáànù tí wọ́n kọ bí ìlọ́po méjì iye yẹn sí lára, 300 sí 350. Bí ó bá jẹ́ CFM (kúbíìkì fíìtì ní ìṣẹ́jú kan) ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ fi 1.7 pín iye tẹ́ ẹ ní. Fáànù ńlá tó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kì í pariwo tó kékeré tó ń sáré tete, torí náà èyí tí a lè dín iyára rẹ̀ kù ni mo fẹ́ jù.

Ẹ ò nílò àsẹ́ èédú àyàfi bí òórùn ewéko bá ń dà yín tàbí àwọn ará ilé láàmú. Fún lẹ́túùsì, owó tẹ́ ẹ sọnù ni.

Ibi tí páìpù ń tú afẹ́fẹ́ sí ṣe kókó. Bí ó bá ń tú u sínú yàrá kan náà tí àgọ́ ti ń fa afẹ́fẹ́, ooru àti ọ̀rinrin kan ń yí po ni. Ẹ darí rẹ̀ síta fèrèsé, tàbí ó kéré tán sí yàrá míì. Ẹ má sì gbàgbé pé fáànù ò lè mú àgọ́ tutù ju yàrá tó wà nínú rẹ̀ lọ. Bí yàrá bá wà ní 32°C, àgọ́ yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí iná bá wà ní títàn. Níbi tí ọ̀sán bá ti máa ń mú gan-an, òru ni kí ẹ máa tan iná, kí ọ̀sán jẹ́ àkókò òkùnkùn fún ewéko. Kò mọ ìyàtọ̀.

Yàtọ̀ sí fáànù ńlá yìí, ẹ fi fáànù kékeré kan tó ń yí orí sínú àgọ́, kí ewé máa mì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó ń mú kí igi ewéko le, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rinrin dúró láàárín ewé. Kó má kọjú sí ewéko kan ṣoṣo gbọnrangandan, torí yóò gbẹ ẹ́.

Iná

LED ni kí ẹ rà. Ẹ má wo "dọ́gba pẹ̀lú wáàtì 1000" tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú páálí; ẹ wá wáàtì tó ń fà gan-an láti ara ògiri, ó máa ń wà níbi tí wọ́n ti kọ lẹ́tà wẹ́wẹ́. Iná tó dára láyé òde òní ń fúnni ní nǹkan bí 2.5 sí 3 micromole ìmọ́lẹ̀ fún joule agbára kan. Bí ilé iṣẹ́ kan ò bá kọ nọ́ńbà yìí rárá, ẹ fura.

Lórí ewéko fúnra rẹ̀, òǹkà tí à ń wò ni PPFD, èyí tó ń sọ iye micromole ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí àyè mítà kan lọ́nà mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ń fẹ́ 100 sí 300. Ewébẹ̀ ń fẹ́ 200 sí 400. Ata àti tòmátì tó ń so ń fẹ́ 400 sí 700. Fún àgọ́ 120 lọ́nà 120, èyí já sí LED tó ń fa wáàtì 150 sí 200 fún ewébẹ̀, àti 350 sí 450 fún ohun tó ń so èso. Ẹ ra èyí tó ní bọ́tìnì ìdínkù, kí iná kan náà lè ṣiṣẹ́ fún ewéko láti kékeré títí yóò fi dàgbà.

Wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́ tó fún ewébẹ̀ àti irúgbìn. Ẹ má tan iná fún tòmátì ní wákàtí 24 pẹ̀lú èrò pé yóò yára; ewé rẹ̀ yóò pọ́n, yóò sì bàjẹ́. Òkùnkùn jẹ́ ara ohun tó nílò.

Gbígbé e kalẹ̀

1. Ẹ ṣí aṣọ àgọ́ sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn wà fún ọjọ́ kan tàbí méjì bí ó bá ń rùn. Òórùn ike tuntun ò dára fún ewéko tó ṣì kéré, kò sì dára fún yín náà.

2. Ẹ gbá ilẹ̀, kí ẹ rí i pé ó tẹ́jú. Ẹ to irin ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn ọ̀pá òró, lẹ́yìn náà irin òkè. Ẹ tẹ gbogbo ìsopọ̀ títí yóò fi wọlé pátápátá kí ẹ tó fa aṣọ lé e. Ẹni méjì ló yẹ kó ṣe apá yìí, torí bí ẹnì kan bá fi tipátipá fa aṣọ, ojú rírán rẹ̀ ni yóò ya. Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí nígbà tí ẹ bá ń fa aṣọ.

3. Ẹ tẹ́ abọ́ ilẹ̀ tí kì í jò sínú rẹ̀. Ẹ má fojú di èyí. Omi yóò dà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ ilé ló sì máa jẹ ẹ́.

4. Fáànù àti àsẹ́ ló ń kọ́kọ́ gòkè, kí iná tó tẹ̀ lé e, torí òkè pátápátá ni ooru ń kó jọ sí, ibẹ̀ ló sì yẹ ká ti máa fà á. Ẹ na páìpù tààrà bó bá ti lè ṣeé ṣe, kí ẹ gé èyí tó bá gùn jù. Ẹ ṣí fèrèsé kékeré aláwọ̀n ní ìsàlẹ̀, ní apá òdìkejì, kí afẹ́fẹ́ tuntun lè gba àárín ewéko kọjá kó tó dé òkè.

5. Ẹ gbé iná kọ́ pẹ̀lú okùn tó ṣeé fà sókè sódò, kí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní ìwọ̀n kan náà.

6. Wáyà. Ẹ fara balẹ̀ níbí ju ibikíbi lọ, torí omi àti iná mọ̀nàmọ́ná ti pàdé. Ẹ so ibi tí ẹ ń ki púlọ́ọ̀gì sí mọ́ ara ògiri tàbí irin, kó má wà nílẹ̀ láé. Kí wáyà kọ̀ọ̀kan rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń ṣàn lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀ dípò kó ṣàn wọ inú iná. Ẹ lo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó máa ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò. Wáyà tí a ká jọ máa ń gbóná, nítorí náà ẹ tú u. Táímà tẹ́ ẹ rà gbọ́dọ̀ lè gbé ju wáàtì iná yín lọ. Iná nìkan ni yóò sì wà lórí táímà. Fáànù yóò máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Nígbà tí iná bá kú, àgọ́ á tutù, ọ̀rinrin á sì gbéra. Òru tí wọ́n pa fáànù ni ewé máa ń bu jù.

7. Ẹ gbé ohun tó ń wọn ooru àti ọ̀rinrin kọ́ sí ibi tí orí ewéko yóò wà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò ti kàn án tààrà. Èyí tó wà lára ilẹ̀kùn yóò máa pa irọ́ fún yín.

Kí ewéko tó wọlé

Ẹ jẹ́ kí àgọ́ òfìfo ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24. Nígbà tí fáànù bá ń ṣiṣẹ́, ògiri àgọ́ yẹ kó fà wọnú díẹ̀; àmì pé gbogbo afẹ́fẹ́ ń gba ọ̀nà tẹ́ ẹ là fún un nìyẹn. Bí ó bá wú síta, nǹkan kan ò tọ́ lára fáànù tàbí páìpù. Bí ó bá sì fà wọnú tó bẹ́ẹ̀ tí irin ń tẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé ìsàlẹ̀ sí i, tàbí kí ẹ dín fáànù kù.

Ẹ kọ ìwọ̀n ooru àti ọ̀rinrin sílẹ̀ nígbà tí iná ti wà ní títàn fún wákàtí mélòó kan, àti nígbà tí ó ti kú pẹ́. Ohun tí à ń wá ni 20 sí 28°C. Fún irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ọ̀rinrin ìdá 65 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ewéko tó ń gbé ewé jáde, 50 sí 70. Nígbà tí òdòdó àti èso bá dé, kó wá sísàlẹ̀ 60. Bí àgọ́ òfìfo bá ti ń ju 30°C lọ, kò sí bí yóò ṣe sàn nígbà tó bá kún. Ẹ tún afẹ́fẹ́ ṣe nísinsìnyí.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ fi iná sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 sókè orí ewéko, kí ẹ dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ máa wò ó. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí igi rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń nà gàgàrà, ìmọ́lẹ̀ kéré. Bí ewé òkè bá ń ká sókè tàbí tó ń funfun nígbà tí ti ìsàlẹ̀ dúró dáadáa, ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fún ewéko ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kó fèsì kí ẹ tó tún yí i.

Omi: ẹ má ka ọjọ́, ẹ gbé ìkòkò sókè. Èyí tó fúyẹ́ ń fẹ́ omi, èyí tó wúwo ò fẹ́. Ẹ da omi tó bá ṣẹ́kù sínú abọ́ nù kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí omi tó dúró nínú abọ́ ń gbé ọ̀rinrin sókè, ó sì ń pe kantíkantí wá. Páálí aláwọ̀ yẹ́lò tó ń lẹ kòkòrò mọ́ra, ẹ fi ọ̀kan kọ́ sí ẹ̀bá erùpẹ̀. Òun ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín pé àlejò ti dé. Ní ibi tó bá gbóná tó sì gbẹ, ẹ máa yẹ abẹ́ ewé wò fún kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń ta òwú. Ewéko tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ jẹ́ kó dá wà níbòmíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó bá àwọn tó kù gbé.

Ẹni tó bá gbin tòmátì tàbí ata, kò sí oyin nínú àgọ́, kò sì sí atẹ́gùn ìta. Nígbà tí òdòdó bá là, ẹ máa fọwọ́ gbọn igi rẹ̀ jẹ́jẹ́ lójoojúmọ́, láàárín ọ̀sán tiwọn, kí lẹ́búlẹ́bú òdòdó lè bọ́ síbi tó yẹ.

Lẹ́yìn ìkórè, ẹ kó gbogbo nǹkan jáde. Ẹ fi omi ọṣẹ nu ògiri àgọ́ pẹ̀lú aṣọ rírọ̀, torí búrọ́ọ̀ṣì máa ń họ ara rẹ̀ tó ń dán. Ẹ fọ ìkòkò, ẹ nu eruku orí abẹ́ fáànù, kí ẹ sì fi síìpù sílẹ̀ ní ṣíṣí títí inú rẹ̀ yóò fi gbẹ pátápátá kí irúgbìn tuntun tó wọlé.